Orúkọ Tó Yẹ Kó Wà Lẹ́nu Ihò Ìdí-Oṣè

Ojúlé 14, Òpópónà Ọláyanjú,
Ọ̀nà Àìlégùn, Èjìgbò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ihò Àpáta àti Ibi Ìgbafẹ́,
Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ YỌ ORÚKỌ MI KÚRÒ LÁRA PÁTÁKÓ IHÒ ÌDÍ-OṢÈ

1. Inú mi dùn nígbà tí mo gba ìwé yín pé ẹ ó ṣí ihò òkúta ẹfun tó wà ní abúlé Ìdí-Oṣè fún gbogbo ènìyàn ní Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí. Àmọ́ nígbà tí mo rí àwòrán pátákó tí ẹ fẹ́ gbé sẹ́nu ọ̀nà, ojú tì mí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi, Àbáyọ̀mí Ọlálérè, ni mo rí ihò náà. Èmi kọ́.

2. Àwa mẹ́fà la wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ti Ìsọlọ̀ wọ ihò àpáta kiri. Ní ọjọ́ kejì oṣù Bélú tó kọjá, a jókòó láti jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan ní Ìdí-Oṣè. Nimotallahi Àyànníyì, tó ń ránṣọ ní ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀, ló ṣàkíyèsí pé atẹ́gùn tútù ń fẹ́ jáde lábẹ́ òkúta tí òun jókòó lé. Mo sọ fún un pé ihò òkété ni, mo sì fi í rẹ́rìn-ín.

3. Ó ko ewé kúrò lẹ́nu ihò náà, ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì fàyà wọ́ wọlé. Mo gbìyànjú láti tẹ̀ lé e, ikùn mi sì há sẹ́nu ihò. Bí àwọn tó kù ṣe ń fà mí lẹ́sẹ̀ ni a gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀, tó ń ké sí wa pé gbọ̀ngàn kan wà níbẹ̀ tó funfun bíi lẹ́ẹ̀sì tuntun, àti pé kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ má dí òun mọ́nú.

4. Èmi akọ̀wé ni mo buwọ́ lu ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí yín nípa ihò náà. Bóyá ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti wá. Ṣùgbọ́n ìyá Nimotallahi ń bọ̀ láti Ìkìrun. Títí di òní, màmá ò gbà pé ọmọ àwọn wọ inú ilẹ̀, ó sì jáde láàyè. Wọ́n ní àwọn á fojú ara àwọn ka orúkọ rẹ̀ lára pátákó. Bí wọ́n bá bá tèmi níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ?

5. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ báyìí: Nimotallahi Àyànníyì, aránṣọ, Ìsọlọ̀, ló rí ihò yìí, òun ló sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti kọ pátákó náà tán, ẹ má ṣe ìyọnu. Mo ti bá Mísbáù, akọ-pátákó ní Àjàó Estate, sọ̀rọ̀. Yóò tún un kọ kí Sátidé tó pé, èmi fúnra mi yóò sì bá a di àkàbà mú.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Àbáyọ̀mí Ọlálérè,
Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Awọhò-Àpáta Ìsọlọ̀.