Baba Òkè, Ẹni Tí Ó Dá Ààlà Igbó Padà Sí Àyè Rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àti gbogbo ẹbí tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ nítorí tiwa lónìí, a kí yín, a sì dúpẹ́. Ọlọ́run tí ó fún Bàbá wa ní ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin lókè eèpẹ̀ ni ọpẹ́ yẹ. Ó fún wọn ní ẹsẹ̀ tí kì í tètè rẹ̀, ó fún wọn ní aya rere, ó sì fún wọn láyè láti tún ohun tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn ṣe. Nínú oore mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ìkẹta ni Bàbá fúnra wọn máa ń dúpẹ́ lé lórí jù.

A bí Bàbá ní ọdún 1941 ní abúlé kan ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí èèyàn ti lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí ó wo orí òkè, kí ó sì mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀. Káfíńtà ni bàbá wọn, òun ni ó kan ìjókòó ilé ìjọsìn. Agbẹ̀bí ni ìyá wọn, ẹni tí kò mọ̀wé ṣùgbọ́n tí ó mọ ìwé orin lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá ni ìkẹta nínú ọmọ méje.

Ní ọdún 1948 ni Bàbá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Olùkọ́ ìṣirò wọn gbà pé ọmọ tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọn yàrá kò tíì mọ ìṣirò, láti ìgbà náà ni Bàbá sì ti ń ka ìṣísẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ń lọ. Alùfáà wa àtijọ́ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìwàásù òun bá gùn jù, kí ìjọ bi Bàbá léèrè, wọn yóò sọ iye ìṣísẹ̀ tí gbogbo wa ìbá ti rìn délé.

Ní ọdún 1961, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó gba Bàbá sí iṣẹ́ lábẹ́ awọnlẹ̀ àgbà kan. Tábìlì gígùn kan, fèrèsé méjì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí máàpù kún dé ẹnu ni gbogbo ọ́fíìsì náà. Iṣẹ́ Bàbá ni láti ka ìṣísẹ̀, kí wọ́n fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun gbogbo sínú ìwé kékeré kan.

Ọdún 1964 ni ìjọba pàṣẹ pé kí a pa ààlà yí igbó orí òkè ká, kí ẹnikẹ́ni má gégi níbẹ̀ mọ́, nítorí inú igbó náà ni omi tí abúlé mẹ́fà ń mu ti ń sun. Àṣẹ náà sọ pé kí ààlà gba ẹ̀bá odò tí omi rẹ̀ ń já wálẹ̀ lórí àpáta lẹ́ẹ̀mejì. Odò méjì ni ó sì pàdé nísàlẹ̀ òkè yẹn. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án tí Bàbá àti ọ̀gá wọn fi wà lókè, kùrukùru bo ojú ọ̀nà pátápátá. Bàbá ni ó ń ṣíwájú. Odò ọ̀tún ni wọ́n tọ̀, ti òsì ni ó yẹ. Àwọn méjèèjì ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀ níbẹ̀, Bàbá ya máàpù, ọ̀gá fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àfonífojì tí ó wà láàárín odò méjèèjì, níbi tí orísun omi wà gan-an, ṣe bọ́ síta ààlà.

Lọ́dún kejì, Bàbá tún gun òkè náà, ojú ọjọ́ sì mọ́. Wọ́n gbọ́ omi tí ń já lẹ́ẹ̀mejì ní odò kejì, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ti ṣìnà. Wọ́n sáré lọ sọ fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n ìwé ìyìn ti dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba fún àwọn méjèèjì. Ọ̀gá ní ta ló fẹ́ gun òkè yẹn lọ gégi, kí Bàbá fi í sílẹ̀. Bàbá fi í sílẹ̀. Wọ́n gbé ìwé ìyìn kọ́ sí pálọ̀, wọ́n sì ti ìwé kékeré bọ ìsàlẹ̀ àpótí.

Ní ọdún 1967 ni Bàbá gbé Màmá wa níyàwó. Aránṣọ ni Màmá, ó wá wọn àwọn òṣìṣẹ́ fún aṣọ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Bàbá sọ fún un pé téèpù rẹ̀ kò péye. Màmá ní kì í ṣe téèpù ni ó wọ́, èjìká wọn ni. Ọmọ márùn-ún ni Ọlọ́run fi ta àwọn méjèèjì lọ́rẹ.

Bàbá di olùṣọ́ igbó ní ọdún 1970, wọ́n di olórí àwọn olùṣọ́ ní 1983, wọ́n sì fẹ̀yìn tì ní 1996. Orí òkè tí wọn kì í kúrò ni ó sọ wọ́n ní Baba Òkè. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì parí ìjà ààlà oko tí kò níye. Bí Baba Òkè bá ti fi ẹsẹ̀ rìn ín, ọ̀rọ̀ parí.

Ní ọdún 2003, àwọn onígẹdú gbé ẹ̀rọ agégi wọ àfonífojì náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, omi abúlé ti pọ́n bí amọ̀. Nígbà tí àwọn ará ìlú pariwo, àwọn onígẹdú na máàpù jáde: àfonífojì kò sí nínú igbó tí ìjọba dá ààbò bò. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Àwọn àgbà abúlé wá kún pálọ̀ wa, wọ́n ní ohun tí Baba Òkè máa ṣe kò pọ̀, kí wọ́n ṣáà sọ pé ayédèrú ni máàpù yẹn. Àbúrò Bàbá, tí ó ń wakọ̀ fún àwọn onígẹdú, bẹ̀ wọ́n ní tirẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà dákẹ́, oúnjẹ ọmọ òun ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá kò lè jẹun dáadáa. Nígbà tí Màmá bi wọ́n títí, wọ́n yọ ìwé kékeré náà, wọ́n sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un. Màmá wò wọ́n, ó wo ìwé ìyìn tí ó wà lára ògiri. Ó ní, “Bàbá wọn, ọ̀gá yín ti kú. Àṣírí ta lẹ tún ń bò, tirẹ̀ ni àbí tiyín?”

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni ìgbìmọ̀ jókòó sí, àwọn èèyàn dúró dé ojú fèrèsé. Agbẹjọ́rò àwọn onígẹdú tẹ́ máàpù sílẹ̀, ó bi Bàbá bóyá ọwọ́ wọn ni ó yà á.

Bàbá ní, “Èmi ni. Kì í ṣe ayédèrú, àṣìṣe ni. Èmi ni mo ṣìnà nínú kùrukùru. Mo mọ̀ lọ́dún kejì, mo sì dákẹ́ fún ọdún méjìdínlógójì.”

Ẹnì kan kérora lẹ́yìn pé, “Háà, Baba Òkè, ẹ̀yin náà?” Agbẹjọ́rò rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló dé tí èèyàn yóò fi gba ẹni tí ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́.

“Ẹ má gbà mí gbọ́,” ni Bàbá wí. “Ẹ gun òkè lọ, kí ẹ wò ó.”

Ní ọjọ́ karùn-ún, ìgbìmọ̀ gun òkè. Bàbá ṣíwájú pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀. Níbi tí odò méjèèjì ti pàdé, wọ́n fi ìwé hàn pé ọ̀tún ni àwọn yà sí, wọ́n sì mú ìgbìmọ̀ yà sí òsì. Omi já lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún gùn sí i, omi já lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, tí ó ti ń mí gúlegúle, jókòó lórí àpáta, ó sì bu omi mu. Ní oṣù kejì ọdún 2004, ìdájọ́ jáde pé ọ̀rọ̀ àṣẹ ni ó lágbára ju máàpù lọ. Àwọn onígẹdú kó ẹ̀rọ wọn sọ̀ kalẹ̀. Bàbá wà níbẹ̀ nígbà tí a hú òkúta ààlà, tí a sì rì í síbi tí ó yẹ.

Kò wá rọrùn. Ilé-iṣẹ́ gba ìwé ìyìn padà. Àwọn kan nínú abúlé kò kí Bàbá fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní ọdún méjìdínlógójì ti pọ̀ jù. Bàbá gbà pé ó pọ̀ jù lóòótọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò wọn, ọdún méjì ni kò fi ya ilé wa. Bàbá ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi ṣílẹ̀kùn. Lọ́dọọdún ni Bàbá ń gbin igi síbi tí wọ́n ti gé e, títí orúnkún fi kọ̀.

Ní oṣù tó kọjá, Bàbá pè wá jọ yí ibùsùn wọn ká. Wọ́n ní, “Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú mi pé mo ṣìnà, mo sì dákẹ́. Bí ẹ bá yọ ọ́, máàpù aṣìnà mìíràn lẹ yà yẹn.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù náà, Bàbá sùn nínú Olúwa. A kò yọ ọ́.

Màmá wa gbẹ̀yìn wọn, àti àbúrò wọn awakọ̀, ọmọ márùn-ún: nọ́ọ̀sì kan, olùkọ́ méjì, káfíńtà kan àti olùṣọ́ igbó kan; ọmọ-ọmọ mẹ́rìnlá, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ mẹ́ta.

Baba Òkè, ẹ sinmi dáadáa, ẹ sùn un re lọ́dọ̀ Ẹni tí ó mọ gbogbo ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run fún yín ní okun láti padà síbi tí ẹ bá ti ṣìnà, kí ó má sì pẹ́ fún yín bí ó ti pẹ́ fún Bàbá wa. Kí omi tí ẹ ń mu mọ́, kí àwọn ọmọ yín bá a níbẹ̀, kí ẹ sì délé ní àlàáfíà. Àmín.