Adìyẹ Tí Wọ́n Gbé Sínú Abọ́ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Bou-Wah,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù Vancouver. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san; wọ́n ti ń dá lọ ra ẹja, wọ́n sì ń fi kóòtù tí ẹ rà fún wọn yangàn.

Lóṣù tó kọjá, ẹ ní kí n kọ́ Mánẹ́jà Fung bí mo ṣe ń dín ìrẹsì. Mo kọ́ ọ tọkàntọkàn. Lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun ilẹ̀ wa, gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ tí Bàbá fi sílẹ̀ jókòó jẹun, ni Fung bá mú itan adìyẹ, ó gbé e sínú abọ́ mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá gbé adìyẹ ọjọ́ yẹn fún, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní, "Yéè! Wọ́n ti dín Àǹtí!" Ẹni tí wọ́n bá lé níṣẹ́ la kúkú máa ń sọ pé wọ́n dín; èmi tí mo ti ń dín oúnjẹ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!

Fung ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀gbọ́n yín ló ní kí n ṣe é."

Mo jẹ adìyẹ náà kan egungun. Mi ò sunkún lójú wọn.

Kí ẹ̀mí yín gùn. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: Màmá ń bi mí ìdí tí mi ò fi lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn.

Àbúrò yín,
Yuk-Lan