Ìwádìí Tí Mo Ṣe Lórí Akin Abìyẹ́ ní Ìmẹ̀kọ

Ayọ̀dàmọ́lá, ọmọ mi,

Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ Ìmẹ̀kọ gba ẹgbẹ̀rún méje. Iṣu mẹ́ta tí mo gbé lọ fún àwọn àna wa gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àtààbọ̀. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò gba ẹgbẹ̀fà. Bébà yìí àti bíró gba ọ̀ọ́dúnrún. Ó ku ẹgbẹ̀rún méjì, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣírò owó ná, kí o lè fara balẹ̀ gbọ́ ìkíni.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òjò Èkó kò tíì wọ yàrá rẹ? Àwa náà dúpẹ́ ní Ayétòrò níbí. Ara ìyá rẹ le, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń bá a jà. Ewúrẹ́ olójú kan bí ìbejì. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàárín èrò kò ní jẹ́ kí èrò gbé ọ mì.

Ẹrù tí o fi rán awakọ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ìwé méjì ni mo bá níbẹ̀, ọ̀kan kún fún àwòrán, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. O kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ tó ni Akin Abìyẹ́ ti fún ọ láyè láti wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún méjì, pé ìwọ ni o máa mú un kúrò nínú ìwé alàwòrán wọ inú ìwé ìtàn, àti pé kí a kà á kí a sọ bí a ṣe rí i sí. Mo pe ìyá rẹ, mo ní ohun tí a ti ń gbàdúrà fún láti ìgbà tí o ti pé ọgbọ̀n ọdún ti dé. Ta ni kò mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan bá ti dúró, àwòrán rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá, kí ìtàn ìdílé rẹ̀ tó tẹ̀ lé e?

Àwòrán yẹn kò kọ́kọ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, wọn kò lo kámẹ́rà, mo sì gbà pé wọ́n fẹ́ dín owó kù, n kò bá wọn wí. Ó fi nǹkan bo ojú. Ṣòkòtò rẹ̀ fún, ìyẹn dára, aṣọ kò ṣòfò lọ́dọ̀ télọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ bí ọ̀pá mẹ́ta ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò bo àyà, kò bo ìdí. Ìyá rẹ ní bóyá ó ti ń múra ọmọ pípọ̀n sílẹ̀ ni, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ lọ́gbọ́n nínú. Bí ó bá sì ti lanu báyìí, èéfín funfun a jáde, ohun tó ń sọ a sì wà nínú rẹ̀. Mo rò pé ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n yà á.

Ìwé kejì ni mo ti rí ìdílé rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹnubodè Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí i sí, ìjì ló pa ìyá rẹ̀, ìyá àgbà ló fi láfún tọ́ ọ, lọ́jọ́ kan ni ìyẹ́ hù léjìká rẹ̀, ó sì fò lọ sí Èkó láti bá àwọn ẹni ibi jà. Mo dúró níbi fífò yẹn, mo mú bíró. Bí ẹ bá ń wálé ní Kérésìmesì, ní Àjíǹde àti nígbà ìkórè, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ìrìn mẹ́fà, ẹgbẹ̀rún márùn-ún àtààbọ̀ ni ọkọ̀ kan. Bí ó bá pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rin náírà ni ẹ̀yin méjèèjì máa fi pa mọ́ lọ́dún. Àna bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Edith àbúrò rẹ, tí ó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe ènìyàn o, ẹnì kan ló yà á, wọ́n wá ń sanwó fún Ẹ̀gbọ́n mi láti kọ ìtàn rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ohun tí kì í ṣe ènìyàn máa ń ní ìyá àgbà? Ó ní Ẹ̀gbọ́n òun ló fún un ní ìyá àgbà, pé kò ní ọ̀kan nínú ìwé alàwòrán. Mo ní iṣẹ́ aya rere nìyẹn, kí ó fún ọkọ ní ẹbí. Ó ní kí n má wulẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n lọ, nítorí kò sí bàbá gidi tí yóò fọmọ fọ́kọ láìwádìí. Mo ké sí Abdulfatah ọlọ́kadà.

Nígbà tí mo béèrè lẹ́yìn ẹnubodè, obìnrin kan tó ń yan gàrí ní Bàbá, ṣé ó jẹ yín lówó ni? Èkejì ní bí ó bá ń fò lóòótọ́, àṣá ni kí n lọ bi. Lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́rìn-ín mi tẹ́rùn, wọ́n júwe ilé Bàbá Oyèkúnlé fún mi.

Bàbá náà ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti dáwọ́ dúró. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, Túnbọ̀sún, ìjì wó ògiri lu ìyá rẹ̀, ọmọ náà sì lọ sí Èkó ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo fún un ní àwòrán. Ó gbé e jìnnà, ó fà á mọ́ra. Ó ní ojú bò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n wo ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ilé àwọn nìyẹn, ó tẹ̀ díẹ̀ lórúnkún. Mo ní Akin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní ta ló dé Èkó tí kò yí orúkọ padà? Mo ní ó ń fò. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ló já bọ́ lórí igi máńgòrò ní kékeré, pé kò ya òun lẹ́nu. Ó wá bi mí bóyá ó ń jẹun. Mo ní ọmọ mi wà pẹ̀lú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bàbá náà sunkún. Èmi kọjú sí àwọn ewúrẹ́.

Mo ti fún un ní ọjọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé ìkórè ìjọ wa ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Edith kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní Bàbá, kí lẹ máa sọ fún bàbá yẹn? Mo ní ohun tí ìwọ, Ayọ̀dàmọ́lá, bá kọ sí mi ni.

Mo ti ka ìwé náà tán. Mo rí i pé ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ó fò kọjá ààlà, kò sì padà. Ìyẹn kò dára. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni Edith sọ, pé ìwọ lo fún un ní ìyá àgbà, a jẹ́ pé bíró wà lọ́wọ́ rẹ. Dá a padà sílé. Bébà kan péré ni yóò ná ọ.

Fi ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ránṣẹ́ fún adìẹ méjì àti ìrẹsì àwọn àlejò, mo ti yọ ẹgbẹ̀rún méjì abẹ́ ìrọ̀rí kúrò nínú rẹ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ohun tí o bá kọ sílẹ̀ dúró. Ilé kò ní sú ọ, ọ̀nà kò ní jìn jù fún ọ.

Ó ku ìṣirò kan. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Bàbá Oyèkúnlé fa ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà yọ lábẹ́ ẹní, ó ní owó ọkọ̀ Túnbọ̀sún nìyẹn. Mo rán an létí pé ó ń fò. Ó ní kí ó má fò lọ́tẹ̀ yìí, kí ó wọkọ̀ bí ọmọ ènìyàn, kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ó lè sùn díẹ̀ lọ́nà. N kò ka owó yẹn mọ́ ti òkè. Kì í ṣe tiwa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, gbèsè ni lọ́rùn mi, títí yóò fi dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adégbóyè