Igi Méje Ń Dúró De Àwọn Ọmọ Rẹ

Mahintedo,
9 Òkítóbà, 1937.

Sí Ọlọ́rundáre ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé oúnjẹ Èkó ń lọ lọ́fun rẹ? Kí Ọlọ́run tí ń gbé ọkọ̀ wa kọjá lẹ́nu òkun gbé ọ kọjá gbogbo ìjì ìlú yẹn, kí ọ̀gá rẹ má rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, bí o bá sì ṣẹ̀ ẹ́, kí ojú rẹ̀ wà níbòmíràn lọ́jọ́ náà. Àmín.

Gbogbo wa wà dáadáa níhìn-ín, àfi òrùlé ilé ìdáná tó ń jò, àti ewúrẹ́ Wòsílátù aládùúgbò wa tó wọlé jẹ ìwé àdúrà mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi ìsìnkú. Mo ní kó san owó ìwé mi, Wòsílátù ní èmi ni kí n sanwó fún òun, torí mo ti sọ ewúrẹ́ òun di onígbàgbọ́ láìgba àṣẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Òkè-Ọ̀gànwó ló mú mi kọ ìwé yìí. O mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ gíga tí a ní, tí omi kò dé rí, kódà lọ́dún tí a ń dáná lórí ibùsùn. Ibẹ̀ ni igi tí a fi ń gbẹ́ gbogbo ọkọ̀ wa ti ń wá. Ní oṣù Júláì, mo lọ já ewé níbẹ̀, mo bá òyìnbó onígẹdú kan pẹ̀lú Lawrence ògbufọ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó ní ojú kan kalẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀rọ ayàwòrán ni, mo sáré tún gèlè mi wé, mo dúró ṣinṣin níwájú rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Òyìnbó ń fi ọwọ́ júwe, mo rò pé ó ní kí n kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, mo sì kọ ọ́ sí i. Bí àwòrán náà bá ti dé Èkó, bá mi gbà á, ṣùgbọ́n má san ju sísì kan lọ, torí ó jọ pé mo dijú.

Lẹ́yìn náà ó mú okùn ìwọ̀n jáde, ó ń wọn igi láyà bíi télọ̀ tó fẹ́ rán bùbá fún wọn, ó sì ń fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí wọn lára, láti orí ení títí dé ọgọ́jọ ó lé mẹ́ta. Ìwọ náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fi àmì sára igi, ọkọ̀ ló fẹ́ fi gbẹ́. Lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, fi àdá ṣá ọ̀gànwó kan lẹ́ẹ̀mẹta fún ọ, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Nítorí náà mo ní háà, ìjọba rántí wa nìyẹn, owó orí tí a ti ń san látọjọ́ yìí ló fẹ́ di ọkọ̀ ọgọ́jọ ó lé mẹ́ta! Èmi ni mo kéde rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Wòsílátù mú nọ́ńbà kọkànlélógójì torí pé ikùn igi náà gba agbọ̀n ẹja. Bàbá Jọọlá ti gbẹ́ àjẹ̀ méjì sílẹ̀ de tirẹ̀. Àwọn méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn lórí nọ́ńbà keje kí Baálẹ̀ tó là wọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ara ilé ẹjọ́. Wọ́n pè mí kí n kà á, torí èmi ni mo dé Sítáńdáàdì Kẹta. Ó ní gbogbo igi tó ní nọ́ńbà ni wọn yóò gé lẹ́yìn Kérésìmesì, wọn yóò sì gbé wọn lọ sílùú òyìnbó. Nọ́ńbà tí a rò pé ti ọkọ̀ ni, nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n ni! Mo tún wo ìwé náà dáadáa. Dáre, ta ló ń kọ “g” tí ìrù rẹ̀ ká bíi ti edé? Èmi ni mo fi igi ṣóńṣó kọ́ ọ lórí iyanrìn. O jókòó sí ọ́fíìsì l'Ékòó, o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n gé igi bàbá rẹ! Ẹnu mi ti là láti sọ ohun tí ìyá kì í sọ sí ọmọ, ṣùgbọ́n mo ní owó ilé ìwé tí mo san, kí n kúkú kà á dé ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé igi tí ọmọ onílẹ̀ bá ti fi àmì sí fún ọmọ rẹ̀, tí ó sì kọ orúkọ ọmọ náà sínú fọ́ọ̀mù, wọn kò ní gé e. Mo ní ẹ̀hẹn, ọmọ mi ló kọ ọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, torí a kì í ṣe olè, ọkọ̀ mọ́kànlá obìnrin gbéra pẹ̀lú àdá. Kò sí igi kan tí a kò ṣá lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnìkan ní kí a fi ẹrẹ̀ ra ojú àpá náà, mi ò rántí ẹni náà, ó lè jẹ́ èmi, kí ó má baà ro igi ni.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Ó ń béèrè orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí, àti ibi tó ń gbé. Ọmọ ìlú tó ń mí jẹ́ méjìdínlọ́gọ́fà, ìwọ náà wà nínú wọn. Oyún àti ìlérí jẹ́ méjìdínlógójì, níbi ọjọ́ orí mo kọ “ó ń bọ̀”. Bàbá Jọọlá ní kí n kọ ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún òun, Wòsílátù bú sẹ́rìn-ín, ó ní bàbá tí kò lè ti ọkọ̀ kúrò lẹ́bàá odò mọ́ ń sọ̀rọ̀ òkun. Mo kọ mẹ́ta náà fún un, wọ́n wà nínú méjìdínlógójì yẹn, ó kúkú ti gbẹ́ àjẹ̀.

Igi méje ló ṣẹ́ kù tí kò ní ọmọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn méje náà ló dúró ní ẹnu ọ̀nà èbúté, ibi tí ẹ̀rọ onígẹdú gbọ́dọ̀ gbà gòkè. Bí wọ́n bá ṣubú, ọ̀nà là nìyẹn, bí ẹ̀rọ bá sì ti gòkè, ta ni yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀ máa ka àpá àdá? Nítorí náà mo kọ orúkọ ọmọ méje, Olówòkéré kékeré ló ṣáájú, Àdùkẹ́ tẹ̀lé e, mo ní gbogbo wọn jẹ́ ọmọ Ọlọ́rundáre, wọ́n sì ń gbé l'Ékòó.

Ajẹ́lẹ̀ dé Òkè-Ọ̀gànwó lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù wa lọ́wọ́. Ó fi ìka kan ojú àpá kan, ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní kí Lawrence bi mí ìdí tí àmì ọjọ́ pípẹ́ fi tutù tó báyìí. Mo ní ilẹ̀ omi ni ilẹ̀ wa, kí ni kì í tutù níbẹ̀? Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní àwọn ọmọ méje yẹn ńkọ́? Mo ní wọ́n wà lọ́dọ̀ bàbá wọn. Irọ́ kọ́ nìyẹn, níbo ni wọn ìbá tún wà? Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní tó bá di ọdún márùn-ún, òun fúnra òun yóò wá wo ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi rẹ̀, igi tí kò bá sì ní ọmọ, ti onígẹdú ni.

Mo ti ṣírò rẹ̀ wò. Ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹta, ọdún márùn-ún géérégé, bí o kò bá fi àkókò ṣòfò. Moríkẹ́ ọmọ ọmọ Bàbá Jọọlá ni mo rí fún ọ, ìbejì wà ní ìdílé ìyá rẹ̀, òun nìkan ló ṣá ọgbọ̀n igi láìmu omi. Mo ti bi í, ó ní òun kò kọ̀, bí o bá ti dẹ́kun àti máa sunkún bí akàn bá gé ọ lọ́wọ́. Mo ní Èkó ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Má jẹ́ kí ojú tì mí.

Fi pọ́n-ùn méjì rán Ṣùáíbù tó ń kó ẹja lọ sí Ẹ̀pẹ́: ọgbọ̀n ṣílè fún ẹrù ìyàwó, ṣílè mẹ́wàá fún òrùlé. Bí owó kò bá pé, òrùlé lè máa jò, ìyàwó kò lè dúró. Kí ìwọ fúnra rẹ sì dé kó tó di Kérésìmesì.

Ọwọ́ rẹ tó kọ ọ́ pé kí wọ́n gé wọn, kí Ọlọ́run fi ọmọ méje kún un, kó má ráyè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, àti ìyá àgbà àwọn méje tó ń bọ̀,
Rhoda Olówòkéré.