Àdúrà Tí Kò Dé Libreville

Adja-Ouèrè,
Ọjọ́ Ajé.

Judicaël, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín lórí ẹsẹ̀ yín, kí ibà má wọ ilé yín, kí ọwọ́ yín má sì dilẹ̀. Ara tèmi náà yá, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò yá rárá. Carine àbúrò rẹ ló gbà láti bá mi mú ìwé yìí dé Libreville, torí o kì í gbé ìpè mi mọ́, mi ò sì lè bá ọ wí.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún Carine. O ní lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, Bàbá kàn wò ọ́ lójú lórí fídíò, wọn kò bá ọ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ mọ́ ọ lójú. O ní ó ti tó, o kò ní í fẹsẹ̀ tẹ Kpoulou ilé yín mọ́. Judicaël, Bàbá kọ́ ló pa ẹ̀rọ. Èmi ni.

Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe rí. O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti lọ sí Gabon láìdágbére, tí ìyá rẹ sì kú lẹ́yìn rẹ, Bàbá Fádèyí, bàbá rẹ, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dárúkọ rẹ létí àwọn. Nígbà tí wọ́n wá gbà pé àwọn máa bá ọ sọ̀rọ̀ níṣojú ẹbí, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ta ni wọn ì bá tún pè? Èmi ni mo ní ṣọ́ọ̀bù fótókópì àti íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti Paris dé.

Mo ṣètò rẹ̀ o, má rò pé mi ò mọ iṣẹ́ mi. Kọnẹ́sọ̀n íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń dé Kpoulou kò lágbára. Ohun tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà kò ju àwòrán ẹni méjì lọ. Nítorí náà mo pín in: àwòrán tìrẹ á máa wọlé, àwòrán Bàbá á máa jáde, àwọn ará Cotonou á fi etí gbọ́ lásán, wọn kò ní í tan kámẹ́rà. Mo gbé ẹ̀rọ wífì mi lọ, mo so ó mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé, mo dán an wò, ó mọ́ kedere. Àmọ́ nígbà tí mò ń dán an wò, gbogbo ilé wà lóko. Mi ò ro ti ọjọ́ tí àgbàlá máa kún.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Bàbá Fábọ̀dé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ló kọ́kọ́ na fóònù sí mi: “Lucien, fi kóòdù wífì yẹn sí i fún mi, kí ọmọ mi ní Porto-Novo lè rí wa.” Ṣé kí n wí fún Bàbá Fábọ̀dé pé rárá, níṣojú àlejò? Mo fi sí i. Oyèkẹ́mi ìyàwó wọn rí i, òun náà gbé tirẹ̀ wá. Kí wọ́n tó pín obì tán, kóòdù ti yí àgbàlá ká. Ẹnìkan ń wo bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọge ń fi fídíò ara wọn ránṣẹ́.

Bí mo bá dúró síbí, wàá ní ẹ̀bi àlejò ni. Ohun tí mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, irọ́ sì ni. Àní èmi fúnra mi yọ fóònù, mo ń gbé ìpàdé náà jáde ní tààràtà lórí ojú ewé ṣọ́ọ̀bù mi ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè rí i títí dé Tatonnonkon pé Lucien ló ṣètò. Mo mọ̀ dájú pé ìyẹn nìkan ń jẹ kọnẹ́sọ̀n tó bí ohun tí àwòrán rẹ ń jẹ. Èmi tí mo pín in, èmi náà ni mo jẹ ìpín rẹ. Ni àwòrán rẹ bá dúró sójú kan gbagidi, níbi tí o ti tẹrí ba; bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bàbá á ti dúró lọ́dọ̀ rẹ, tí wọ́n kàn ń wò ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìpè rẹ wọlé sórí fóònù mi. Bí mo bá gbé e, á dá fídíò mi dúró, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ dànù. Ìka mi yìí ló tẹ̀ ẹ́, Judicaël.

Bàbá kò mọ̀. Wọ́n rí ọ tí o tẹrí ba, wọ́n ní, “Ẹ wo ọmọ mi, ó ṣì mọ̀wà hù.” Ni wọ́n bá dìde, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú wọn. Èmi dúró lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, mo mọ̀ pé àwòrán lásán ni wọ́n ń súre fún, mi ò sì la ẹnu mi. Mò ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń sọ kiri pé ọmọ àwọn ti gbọ́, pé ó ń bọ̀ wálé. Wọ́n ti ní kí wọ́n tún yàrá rẹ rẹ́. Bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní, “Lucien, o ṣeun,” mi ò sì ní í mọ ibi tí màá gbé ojú sí.

Mo rántí ọ̀rọ̀ náà, kò kúrò létí mi. Wọ́n ní: “Judicaël, ọmọ Jeanne, mo bínú, ìbínú náà ti tán. Ìyá rẹ kò bínú sí ọ títí tó fi lọ. Orúkọ rẹ ló pè kẹ́yìn. Ọ̀nà tí o bá gbà, kó máa là fún ọ. Ilẹ̀ àjèjì kò ní í gbé ọ mì. Àwọn ọmọ rẹ á mọ ojú mi, èmi náà á mọ tiwọn. Ilé kò kọ̀ ọ́. Máa bọ̀.”

Gba àdúrà náà lọ́wọ́ mi, bí mi ò tilẹ̀ yẹ lẹ́ni tí í jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kó ṣẹ sí ọ lára, kó ṣẹ sí àwọn ọmọ rẹ lára. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Lucien.

Mo tún ṣí ìwé yìí: Kí Carine tó wá gbà á, mo lọ sí Kpoulou láàárọ̀ yìí, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ òótọ́ fún Bàbá. Wọn kò jágbe mọ́ mi. Wọ́n kàn ní, “Ta ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Lucien?” Jọ̀wọ́, wá dá wọn lóhùn.