Orúkọ Ọkọ Mi Lórí Ìwé Ìyá Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

                                        Ilé Onígéètì Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Àwọn Ìyá.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ọmọbìnrin mi ńkọ́, oníwàhálà kékeré yẹn, ṣé ó ti ń lọ sí ilé ìwé láìsunkún? Màmá ńkọ́, ṣé ojú wọn ti ń ríran dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Mo kí ẹni tó wà nínú ikùn rẹ náà o, ẹni tí kò tíì lórúkọ. Ṣé ó ń jẹ́ kí o sùn? Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Èmi náà wà. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí débi pé lánàá mo ti kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ inú fíríìsà ibi iṣẹ́, mo wá ń wá a kiri bí ẹni tó sọ ọmọ nù. Ṣùgbọ́n má ṣe káàánú mi, nítorí ayọ̀ mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu mi kò ṣe é pa dé. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti di ìyàwó! Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀, ìwọ lo mú báàgì mi dání, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ. Bí mo bá jí láàárọ̀, tí mo rí bàtà ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín á kàn bọ́ lẹ́nu mi. O sọ fún mi pé ayọ̀ ìyàwó máa ń rọlẹ̀ tó bá di oṣù kẹta. Oṣù kẹta ti pé, kò rọlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló wú.

Ohun tó sọ ẹsẹ̀ mi di báyìí ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, nítorí ó kàn ọ́. O mọ̀ pé ilé ìwádìí tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a ń wá ni bí nǹkan ṣe ń ti ara ìyá bọ́ sí ara ọmọ. Bí ìyá bá lo oògùn, ṣé ó ń wọ inú omi ọyàn? Báwo ló ṣe ń pọ̀ tó níbẹ̀, ìgbà wo ló sì ń kúrò? Iṣẹ́ tèmi ni láti jókòó ti àwọn ìyá ọlọ́mọ, kí n ṣàlàyé fún wọn. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á fọwọ́ síwèé, èmi náà á fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ni màá gba omi ọyàn sínú ìgò kékeré, màá lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lára, màá sì fi kúlà gbé e lọ sínú fíríìsà. Fíríìsà yẹn kan náà ló fún mi lọ́kọ, torí ọjọ́ tó bàjẹ́ ni wọ́n ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún un ṣe. Títí dòní, ọkọ mi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kò gba owó iṣẹ́, ìyàwó lòun gbà.

Ọ̀gá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dàgbà, ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì sí àwọn tó ń náwó sí ìwádìí, kí iṣẹ́ náà lè gbòòrò. Wọn kò dá wa lóhùn ire. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ìyá ọlọ́mọ kúkú lè ṣíwọ́ oògùn lílò. Ìyá Àgbà ka lẹ́tà yẹn sókè fún wa, ó ní kí wọ́n lọ bá àìsàn sọ ọ́ kí ó ṣíwọ́ ná. Lẹ́ẹ̀kẹta wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ yẹ ìwé àwọn ìyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a fi bẹ̀rẹ̀ wò.

Ọ̀rẹ́ mi, ayọ̀ àyọ̀jù làkèré fi ń ṣẹ́ nítan. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìgbéyàwó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àwọn ìyá wọ̀nyẹn sílẹ̀. Orúkọ ọkọ mi ni mo fi ń buwọ́ lu ìwé wọn, gbogbo wọn pátá. Mo fa ìdí lẹ́tà rẹ̀ gùn, mo tún fi ilà sí i nísàlẹ̀. Kò wá sọ́kàn mi pé orúkọ bàbá mi ni ó wà nínú fáìlì òṣìṣẹ́. Àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò béèrè pé ta ni obìnrin yìí, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́, tó ń gba omi ọyàn lọ́wọ́ abiyamọ? Mo gbé ìwé ìgbéyàwó mi jáde, wọ́n ní kò tó. Àwọn ìyá náà ni kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé èmi ni wọ́n rí, kí wọ́n sì tún fọwọ́ sí ìwé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ẹyọ kan bá dín, kí a da omi ọyàn náà nù, wọ́n á sì gbé owó náà fún ẹlòmíràn.

Ìyá Àgbà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, ṣé kò sí ìwé mìíràn tí o lè dán orúkọ yẹn wò lára rẹ̀ ni?”

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ mi. Oògùn wárápá ló ṣáájú nínú gbogbo oògùn tí a fẹ́ wádìí. Mo rántí ìgbà tí o bí ọmọbìnrin mi, bí nọ́ọ̀sì kan ṣe ní oògùn rẹ á pa á, tí èkejì ní irọ́ ni, tí ẹ̀kẹta ní ẹnu òun kọ́ ni wọn ó ti gbọ́ ọ. Mo rántí aṣọ tí o fi di ọyàn rẹ, bó ṣe ń rin fún omi, tí ọmọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Mo rántí bí o ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ, àti ọjọ́ tí o ṣubú lé sítóòfù. Àpá náà ṣì wà lápá rẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi gbé alùpùpù rẹ̀ jáde. Ó ń ti ibi iṣẹ́ dé, a ń jáde. Èmi kò gbọdọ̀ bi àwọn ìyá náà ní nǹkan kan. Akọ̀wé wa ló ń bi wọ́n lórí fóònù, èmi á kàn dúró bí ẹni tí wọ́n mú lólè. Nílé kan, ìyá ọkọ abiyamọ náà dí ẹnu ọ̀nà mọ́ wa. Ó ní, “Ẹ tún ti dé! Ṣé màlúù ni ìyàwó mi ni?” Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Báírò la mú wá, a ò mú kúlà.” Ẹ̀rín pa ìyá náà, ó yà fún wa.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọgbọ̀n ti pé. Ó ku ẹyọ kan, ìyá tó ni nọ́ńbà kẹrìnlá, ó sì ti kó kúrò nílé tó ń gbé. Láti ẹnu aládùúgbò kan dé ẹnu èkejì, a bá a ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ní ọ̀sán ọjọ́ kẹwàá, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ ìwé kà, ìka ló fi tẹ̀ ẹ́ níjọ́sí. Akọ̀wé bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé èmi ni. Ó wò mí títí.

Ó ní, “Òun ni. Ó ń kọ orúkọ lọ, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni. Mo wá rò ó pé ẹni tínú ẹ̀ dùn tó báyìí, kò ní fẹ́ fi ọmọ mi ṣe ibi.”

Ó tẹ̀ka. Ìyẹ̀fun rẹ̀ wà lórí ìwé náà títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Lẹ́tà wọn dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ti fún wa lówó náà! Ọdún méjì ni wọ́n fún wa dípò mẹ́ta, wọ́n sì yọ oògùn méjì kúrò, ṣùgbọ́n oògùn tìrẹ ṣì wà níwájú. A ò lè jó. Ìyá Àgbà gbé orí lé tábìlì, ó sì sùn lọ. Mo délé, mo bá ọkọ mi tó ti sùn lórí ìjókòó, bàtà lẹ́sẹ̀. Mo bọ́ ọ fún un, mo tò ó ti tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ, a ò tíì mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má tún dá oògùn dúró fúnra rẹ. Wá rí dókítà wa kí o tó bímọ. Bí o bá sì bí tán, tí o bá fẹ́, kí ìgò tìrẹ náà wà nínú fíríìsà yẹn, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa fi aṣọ di ọyàn rẹ̀. Bí o kò bá fẹ́, ọ̀rẹ́ náà la ó máa ṣe. Èmi kọ́ ni màá ṣe ẹlẹ́rìí rẹ, wọ́n ní ọ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí ọ̀rẹ́. Màá kàn bá ọ gbé kúlà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kúnlẹ̀ fún Màmá, kí o sì fi ẹnu ko ọmọbìnrin mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, ojú oorun ló ti sọ ọ́. Mi ò ní fi orúkọ tuntun mi parí lẹ́tà yìí o, títí wọn ó fi tún fáìlì mi ṣe. Èyí tí ìwọ fúnra rẹ sọ mí nílé ìwé ni màá kọ, ìyẹn kò nílò ẹlẹ́rìí.

Tìrẹ ni mo jẹ́, tó rẹ̀, tó ń yọ̀,

Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ.