Ọkọ̀ Tí Mo Rà fún Alùpùpù Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi tí kì í fi ẹsẹ̀ rìn nígbà tó bá lè sáré,

Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le? Ṣé èjìká tó ń dùn ọ́ nígbà tó o kọ̀wé kẹ́yìn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Tiwa níbí dára. Orúnkún mi ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi débi tí mò ń lọ. Ìyá rẹ náà wà ní àlàáfíà, ó ní kí n kí ọ. A ti padà ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ìyẹn náà sì wà lára ìròyìn tí mo fẹ́ rò fún ọ. Jọ̀wọ́, wá ibi jókòó kó o tó máa kà á lọ.

O ní kí n bá ọ wá ọkọ̀ tí a ó máa fi gbé alùpùpù ìdíje rẹ, nítorí pé kò ní iná, kò ní nọ́ńbà, ọlọ́pàá ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún gba títì kọjá. O ní ẹni tó ti fi ogójì ọdún ránṣọ ò ní ṣi nǹkan wọ̀n. Ọ̀rọ̀ yẹn wú mi lórí. Mo mú téèpù mi, mo wọ yàrá ìránṣọ níbi tó o gbé e sí, mo sì wọn alùpùpù náà bí ẹni ń wọn ìyàwó tuntun: gígùn, gíga, fífẹ̀ èjìká. Inú ìwé àwọn oníbàárà mi ni mo kọ ọ́ sí. Mo fẹ́ wọn ìbàdí, ìyá rẹ ló ní kí n jáwọ́.

Bọ́ọ̀sì oníbúrẹ́dì tó wà ní igun títì wa la kọ́kọ́ lọ wò. Mo mú mẹkáníìkì dání, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jẹ́-n-gbọ́, torí pé tó bá ti ki orí bọ ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mí. Bọ́ọ̀sì náà gùn tó, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta péré ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fi kúrú sí gíláàsì iwájú alùpùpù rẹ. Oníbúrẹ́dì ní ká yọ gíláàsì náà dànù. Jẹ́-n-gbọ́ bi í pé, "Ṣé torí pé fìlà ò gba orí la ó ṣe gé orí?" Bí a ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Èkejì ni ọkọ̀ akẹ́rù oníẹ̀yìn gbangba tí ẹni tó ń ta pákó fẹ́ tà. Ó lágbára lóòótọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi fúnra mi jókòó sẹ́yìn, kí n lè mọ ohun tí alùpùpù náà máa fojú rí lọ́nà. Jẹ́-n-gbọ́ wà á yípo ọjà lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí a fi máa padà dé, fìlà mi ti lọ, mo ti gé ahọ́n mi jẹ, mo sì ti kí àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí torí pé bí mo ṣe ń na ọwọ́ wá nǹkan dì mú, wọ́n rò pé mò ń juwọ́ sí wọn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní ó tó.

Ó wá ku ẹ̀kẹta. Ọmọ mi, ibí ni kó o ti di àga rẹ mú. Asìnkú tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ti ra ọkọ̀ tuntun, ó sì fẹ́ ta ògbólógbòó èyí tó fi ń gbé òkú. Mo ta téèpù sí i. Ó dà bí ẹni pé alùpùpù rẹ ni wọ́n rán an fún. Ilẹ̀ rẹ̀ ò ga, irin tó ń yí wà nísàlẹ̀ tí ẹrù á fi wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni làágùn, kọ́tíìnì sì wà lójú fèrèsé kí olè má baà yọjú. Jẹ́-n-gbọ́ tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà títí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ́ńjìnnì yìí ò tíì sáré rí láyé ẹ̀." Asìnkú dáhùn pé, "Kí ló fẹ́ sáré lọ ṣe? Àwọn tí mò ń gbé ò ní ìpàdé."

Mo sọ fún ìyá rẹ nígbà tí mo délé. Ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ọmọ tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń fi ẹ̀mí ara ẹ̀ sáré, ọkọ̀ òkú lẹ wá fẹ́ kó máa tẹ̀ lé e kiri?" Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ń bá sọ ọ́: "Ẹ̀rọ, sọ fún ẹni tó ni ọ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀." N kò lè bá a jà. Òótọ́ tí a ò sọ fún ọ rí ni pé ìbẹ̀rù ni kì í jẹ́ ká wá wòran rẹ. Kì í ṣe orúnkún mi, kì í sì í ṣe àwọn aláboyún tí ìyá rẹ máa ń sọ pé wọ́n ń dúró de òun. Ó ti fẹ̀yìn tì kúrò nídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ta ló ń dúró dè é?

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó wọ bàtà, ó wé gèlè funfun, ó ní kí ẹ̀rọ sọ fún mi pé kí n mú òun lọ kí òun lè sọ ọ́ lójú asìnkú pé a ò rà mọ́. Nígbà tí a débẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì. Òun dúró síta, ó ń wo ọkọ̀ náà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àyè wà níbẹ̀ lóòótọ́ ni. Ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó jókòó, afẹ́fẹ́ sì ti ilẹ̀kùn pa. Ilẹ̀kùn yẹn ò ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí i láti inú. Ta ni ì bá lò ó? Ìyá rẹ bá fa kọ́tíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gíláàsì.

Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì títì ló kọ́kọ́ gbójú sókè. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe dé orí odi. Àwọn tó wà nílé onígbàjámọ̀ tú jáde, ọ̀kan sì wà lára wọn tó jẹ́ pé ìdajì orí rẹ̀ ni wọ́n tíì fá. Ariwo wọn ló gbé wa jáde. Asìnkú rí ọwọ́ tó ń gbá gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, ó di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi ṣí i. Èmi ò bá wọn sọ̀rọ̀ rí."

Mo ṣí i. Mo ti ń múra sílẹ̀ de èébú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ rọra sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì wo ọkọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi jáde?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó parí nìyẹn. Èmi ìyá ẹ̀ ti wọ̀ ọ́ ṣáájú ẹ̀, mo sì ti fẹsẹ̀ ara mi jáde. Bó ṣe máa rí fún un nìyẹn. Ẹ rà á." Ó wá yíjú sí asìnkú, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ rírà àfi tó bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sí i nínú. Ìgbà náà ni ẹ̀rín gbé ìyá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti èjìká mi, mo sì rí i pé ẹkún díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

A ti kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè. Ìyá rẹ ló mú àwọ̀ náà, ó ní kò sí òkú tó máa gbà kí wọ́n fi irú rẹ̀ gbé òun. A gbé alùpùpù rẹ sínú rẹ̀, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Síbẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ló ń yà fún wa lójú títì, bàbá àgbàlagbà kan tiẹ̀ ṣí fìlà. Ìyá rẹ juwọ́ sí i láti iwájú.

Ọjọ́ Sátidé tí ẹ máa díje, àwa méjèèjì là ń gbé e bọ̀, a ò sì ní já a sílẹ̀ ká padà sílé. A máa dúró wò ọ́. Ìyá rẹ ní òun lè dijú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ṣùgbọ́n òun á wà níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kí bíréèkì rẹ gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Àwọn tó wà níwájú rẹ, kí ọ̀nà là fún ọ láàrin wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn, kí wọ́n mọ ẹ̀yìn rẹ dáadáa. Ayọ̀ la ó fi rí ara wa.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ, tó tún di awakọ̀ rẹ.

Àfikún: Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé tó o bá rí wa láàrin èrò lọ́jọ́ náà, o ò gbọdọ̀ juwọ́ sí wa. Ọ̀nà ni kó o máa wò.